Fáìlì Ni Ó Kọ́kọ́ Rojọ́: Ojú Tí A Fi Ka Ìtàn Ọmọ Àgbàtọ́ Kan

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi díẹ̀ tí wọ́n ń kàwé gboyè kejì, pẹ̀lú ọ̀gá wa kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, jókòó láti jíròrò lórí ìwé kan tí gbogbo wa ti kà. Orúkọ ìwé náà ni My Name Is Why. Lemn Sissay ni ó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Canongate ni ó sì gbé e jáde ní ọdún 2019. Ìtàn ìgbésí-ayé òǹkọ̀wé náà ni, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i títí di ìgbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kì í ṣe ìwé náà nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Ohun tí àwọn òǹkàwé fi dá ìwé náà lóhùn ni ó jẹ mí lógún jù, nítorí pé bí ènìyàn bá sọ èrò rẹ̀ nípa ọmọ tí ìyà jẹ ní ilé onílé, ó ti sọ díẹ̀ nípa ilé tirẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí fún àǹfààní ẹni tí kò tíì rí ìwé náà. Ní ọdún 1966 ni ìyá òǹkọ̀wé yìí ti orílẹ̀-èdè Etiópíà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kàwé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, ó bí ọmọkùnrin kan ní agbègbè Wigan ní apá àríwá ilẹ̀ náà. Kò sí ọkọ ní ìtòsí, ẹ̀kọ́ sì wà nílẹ̀ tí kò tíì parí. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ fún ìgbà díẹ̀. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi orúkọ ara rẹ̀, Norman, sọ ọmọ náà. Ó gbé e fún tọkọtaya aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì ní kí wọ́n kà á sí ọmọ tí wọ́n gbà ṣọmọ pátápátá. Ní ọdún 1968, ìyá kọ lẹ́tà, ó ń bèèrè bí òun yóò ṣe gba ọmọ òun padà. Lẹ́tà náà wọ inú fáìlì, ibẹ̀ ni ó sì wà.

Ọdọ̀ tọkọtaya yìí ni ọmọ náà dàgbà sí. Ìyá àti bàbá ni ó ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí fúnra wọn ni ó sì mọ̀ ní àbúrò. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n dá a padà fún ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn kò ní í wá a wò mọ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ti ilé ìtọ́jú ọmọdé kan bọ́ sí òmíràn, mẹ́rin lápapọ̀, títí ó fi dé Wood End, níbi tí ètò ilé náà ti jọ ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìgbà tí ó ń kúrò lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ni ó tó gba ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí rẹ̀ àti lẹ́tà ìyá rẹ̀. Nínú wọn ni ó ti rí i pé Norman kọ́ ni orúkọ òun. Lemn ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ní èdè Amharic, ìbéèrè ni orúkọ yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Èé ṣe?” Ó bèèrè fún gbogbo fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Wigan, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó kó o fún un ní ọdún 2015. Láti inú fáìlì yìí ni ó ti fa ìwé náà yọ. Yóò gbé ojú-ìwé kan kalẹ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe tẹ̀ ẹ́, yóò wá sọ ohun tí òun alára rántí nípa ọjọ́ náà.

Oríṣi ìdáhùn mẹ́ta ni mo gbọ́ ní ọjọ́ ìjíròrò wa, mo sì ti ń gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn mìíràn láti ìgbà náà wá. Èkíní ni ẹkún. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sọ pé òun kò lè kọjá ibi tí wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé ọmọ náà kúrò ní ilé tí ó mọ̀ sí ilé rẹ̀. Mo bi í pé ta ni ó pinnu pé kí ọmọ náà kúrò, kí ni ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú. Kò lè sọ. Omijé ti bo ojú-ìwé náà mọ́ ọn lójú. N kò bá a wí, nítorí ẹni tí kò bá lè sunkún nítorí ọmọdé, àfi kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe àwọn baba wa kò sọ pé kí a má sunkún; ó ní kí ẹni tí ó ń sunkún máa ríran. Òǹkọ̀wé náà kò sunkún lójú ìwé. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Bí ó ti fi ìwé ìjọba lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ti ń fi ẹ̀rí lélẹ̀ ní kóòtù, ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí a kà á.

Ìdáhùn kejì ni ọpẹ́. “Ẹ wò ó, sà,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, “ṣé bí ọmọ náà ti di ènìyàn ńlá nìyẹn! Bí kò bá jìyà, ṣé ì bá di akéwì?” Lóòótọ́, Sissay di akéwì tí a mọ̀ káàkiri. Ọdún 2015 tí fáìlì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ náà ni wọ́n dìbò yàn án ní ọ̀gá àgbà fún Yunifásítì Manchester, ipò tí ó wà títí di 2022. Ìwé tí mo ń sọ yìí sì wà lára àwọn ìwé tí ó tà wàràwàrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé òǹkọ̀wé náà kò fi ọ̀kankan nínú ògo yìí parí ìtàn rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò ní ẹbí, tí ó di lẹ́tà kan mọ́ ọwọ́, ni ó fi sílẹ̀ fún wa. Mo gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bí ó bá gun orí ìtàn náà dé orí àga yunifásítì, àwa òǹkàwé ì bá ṣe àmín, a ì bá sì pa ìwé dé pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́. A ó wá sọ ìyà di owó ilé-ìwé tí ọmọ san kí ó tó gboyè. Kí ni a ó wá wí nípa àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n jọ wà ní Wood End, tí wọn kò kọ ìwé, tí wọn kò sì di ọ̀gá níbì kankan?

Ìdáhùn kẹta ni ó le jù, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dàgbà jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ó sì ti wá. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni, kì í sọ̀rọ̀ lásán. Ó ní bí ó ti wù kí ó rí, àwọn ènìyàn yìí ni wọ́n fún ọmọ náà ní oúnjẹ fún ọdún méjìlá, wọ́n rán an ní ilé-ìwé, wọ́n mú un lọ sí ilé Ọlọ́run. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ó tún fi kún un pé àwọn alágbàtọ́ náà kò sí níbẹ̀ láti sọ tẹnu wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó jẹ́ ti lámèyítọ́ tòótọ́. Ó sì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ rojọ́? Fún ọdún méjìdínlógún gbáko ni fáìlì ti ń rojọ́ nípa ọmọ yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ ọ́, àwọn alágbàtọ́ ń sọ ọ́, àwọn alábòójútó ilé ń fọwọ́ sí i. Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́, wọ́n ti dá a, wọ́n ti gbé ọmọ láti ilé dé ilé lórí ìdájọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń rojọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹnìkejì ni ìwé yìí jẹ́ nínú ẹjọ́ ọ̀hún. Bí a bá kọ̀ láti gbọ́ ọ, àwa gan-an ni òwe náà ń bá wí. Ní ti ọwọ́ òsì, bí ọmọ bá pe ibì kan ní ilé bàbá rẹ̀, tí ilé náà sì ní òun kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀ mọ́, mo rò pé ó lè fi ọwọ́ tí ó bá wù ú júwe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí fáìlì náà ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ìwé yìí gbé wà. Fún ìlò kíláàsì, mo túmọ̀ díẹ̀ nínú àwọn àkọsílẹ̀ náà sí Yorùbá. Mo ṣàdédé kan ìṣòro kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tí a fi ń sọ pé a ṣe nǹkan láìsí ẹni tí ó ṣe é. Ìpinnu a wáyé, ọmọ a kúrò, orúkọ a yí padà, láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kan ohunkóhun. Èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Bí mo bá fẹ́ túmọ̀ gbólóhùn náà kí ó dún létí, àfi kí n kọ “wọ́n”: wọ́n pinnu, wọ́n gbé e, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí mo ti ka ìtumọ̀ mi sókè, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní, “Sà, àwọn wo ni wọ́n?” Ìbéèrè tí gbogbo ìwé náà dá lé nìyẹn. “Wọ́n” inú Yorùbá náà lè fi ènìyàn pamọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣòfófó mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lò ó, etí ẹni tí ó ń gbọ́ a máa wá ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì fáìlì náà, ẹni tí ó ń kà á lè máa bá a lọ títí dé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé láì bèèrè. Òǹkọ̀wé sì mọ̀ pé àwa náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi fáìlì ṣáájú ìrántí tirẹ̀ kí a lè bá àwọn òṣìṣẹ́ náà gbà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ojú sì tì wá lẹ́yìn náà.

Kí ìwé yìí tó jáde ni Sissay ti dán irú rẹ̀ wò lójú agbo. Ní ọdún 2017, ní ilé eré Royal Court ní Lọ́ńdọ̀n, ó jókòó lórí ìtàgé, òṣèré kan sì ń ka àbọ̀ tí onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá kọ lórí ọgbẹ́ tí ìgbésí-ayé rẹ̀ dá sí i lára. Òun alára kò tíì ka àbọ̀ náà. Níwájú èrò ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn kan lè wí pé àṣejù ni. Lójú tèmi, ohun tí kò ní nígbà tí ó wà lọ́mọdé ni ó wá síbẹ̀, ìyẹn ni ẹni tí yóò bá a gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ní àkókò kan náà tí òun ń gbọ́ ọ. Ẹlẹ́rìí ni ó ń wá. Iṣẹ́ kan náà ni mo rò pé ó gbé lé òǹkàwé lọ́wọ́.

Èyí kò wá ní kí n má sọ àléébù ìwé náà. Ewì kékeré tí ó fi ṣí orí kọ̀ọ̀kan kò tó ìtàn náà lágbára; bí a ti ń kà wọ́n ni a ń fẹ́ kí wọ́n tètè tán kí a lè padà sí fáìlì. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, lẹ́yìn tí ó bá ti gbé ìwé ìjọba kan kalẹ̀, yóò tún máa ṣàlàyé ohun tí ó yẹ kí a rí nínú rẹ̀, bí ẹni pé kò fọkàn tán wa. Àwọn alágbàtọ́ náà sì jẹ́ òjìji nínú ìtàn yìí jù bí mo ti fẹ́ lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí ó mú kí obìnrin tí ó tọ́ ọmọ fún ọdún méjìlá pa ilẹ̀kùn dé. Kì í ṣe láti dá a láre. Ẹni tí kò bá mọ bí ènìyàn rere lójú ara rẹ̀ ṣe ń di ìkà kò ní í mọ̀ bí òun náà bá ń dì í.

Ní gbogbo àsìkò tí a ń jiyàn, ọ̀gá wa tí mo mẹ́nu bà níṣàájú kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú ká, ó ní, “Dókítà, èmi náà wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin.” Mo mọ ohun tí ó ń sọ. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọmọ wọn fún àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun tọ́, tí wọ́n ń sanwó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn Nursery World ni àwọn òbí ti ń polówó láti wá alágbàtọ́. Tiwọn yàtọ̀ sí ti Sissay, nítorí pé àwọn òbí fúnra wọn ni wọ́n ṣètò rẹ̀, kì í ṣe ìjọba. Adewale Akinnuoye-Agbaje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1967 kan náà, sọ tirẹ̀ nínú fíìmù Farming tí ó ṣe ní 2018. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbé e fún alágbàtọ́ ní ìlú Tilbury. Mo bi ọ̀gá wa bí àwọn tirẹ̀ ṣe ṣe sí i. “Wọ́n tọ́jú mi dáadáa,” ni ó wí. Ó dákẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọkọ̀ rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé wọ́n máa ń kọ fáìlì fún irú wa náà?” N kò lè dá a lóhùn. Nínú gbogbo ìdáhùn tí mo gbọ́ sí ìwé náà, ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ sílé.

Ilé mi ni mo sì gbé e dé. Ní ọdún 2004, obìnrin kan tí ó máa ń bá àwọn ènìyàn wá ọmọ-ọ̀dọ̀ mú ọmọbìnrin Ègùn kan wá fún wa láti agbègbè Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Orúkọ tí ó bá wá le lẹ́nu wa, a sì ń pè é ní Mary. Ọdún mẹ́fà ni ó lò. Ọwọ́ obìnrin tí ó mú un wá ni a ń san owó rẹ̀ sí. Òun ni ó ń fọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun kò sì ní aṣọ ilé-ìwé kankan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọmọdé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. N kò lù ú rí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn, mo sì rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ náà bá ti fáìlì mu: wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ń jẹun, kò sí ìṣòro.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbìyànjú láti rántí orúkọ tí ó bá wọ ilé wa. Kò wá. Mo bi ìyàwó mi. Ó ronú títí, ó ní, “Bàbá Táyọ̀, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ọmọ yẹn ṣe nísinsìnyí?” Òun náà kò rántí.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń wí. Ní ọjọ́ ìkómọ, gbogbo ẹni tí ó bá wá ni yóò sọ owó sínú abọ́ omi, tí yóò sì dárúkọ ọmọ. Kì í ṣe nítorí owó. Bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹnì kan ní orúkọ ọmọ kì í ṣe èyí, àwọn tí wọ́n dá a ní orúkọ ní ọjọ́ náà ni ẹlẹ́rìí. Ìjọba ìbílẹ̀ Wigan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Sissay nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi rojọ́ rẹ̀ náà ni ó fi dá wọn lẹ́bi. Àwa kì í kọ ti àwọn ọmọ tí ń bẹ lọ́dọ̀ wa sílẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá kọ ìwé lónìí, ó ṣeé ṣe kí n jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ní kí ó má fi ọwọ́ òsì júwe ilé tí ó ti jẹun.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ìwé náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ má yára fò kọjá àwọn ojú-ìwé fáìlì láti dé ibi tí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ kà wọ́n sókè. Ibi tí ẹ kò bá ti rí ẹni tí ó ṣe nǹkan, kí ẹ bèèrè pé àwọn wo ni wọ́n. Lẹ́yìn èyí, bí ọmọ kan bá wà nínú ilé yín tí kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ bí i, ẹ pè é wá, kí ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń pè é.